Iná Ni Kí Ẹ Bi Mí, Ẹ Má Bi Mí Ní Kámẹ́rà

Iṣẹ́ mi ni láti fi fọ́tò sọ nǹkan di àwòrán 3D, ìyẹn àwòrán orí kọ̀ǹpútà téèyàn lè yí wò níhà gbogbo. Irú kámẹ́rà tí mo ń lò ni àwọn èèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Fóònù tó dáa á ṣe é. Iná ni kí ẹ bi mí.

Ká ní ìkòkò amọ̀ kan ni mùsíọ́ọ̀mù fẹ́ ká sọ di àwòrán 3D. N ó ya á yíká, lókè, nísàlẹ̀, ó lè tó fọ́tò 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì tún gbé apá kan lára ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, n ó dojú rẹ̀ dé, n ó tún ya ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni láti wá àmì kan náà nínú fọ́tò púpọ̀: ibi tó ti kán létí, àbàwọ́n èéfín, ìlà tí amọ̀kòkò fà. Bó bá ti rí àwọn àmì wọ̀nyí láti ìhà bíi mélòó kan, á mọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí àti ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Lọ́dún 1858, Albrecht Meydenbauer, ayàwòrán ilé kan, ń wọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Wetzlar, ní Jámánì, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ látòkè. Àtìgbà náà ló ti ń ro bí èèyàn ṣe lè wọn fọ́tò dípò ilé.

Ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni dídán. Bí ẹ bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìtànṣán ara ère idẹ á bá yín sún. Kọ̀ǹpútà á rò pé ara ère ni, á wá gbẹ́ kòtò síbi tó tẹ́jú. Ti dígí tún burú jù, torí kò rí nǹkan kan dì mú. Nítorí náà, ẹ pa fíláàṣì, kí ẹ fi aṣọ funfun bo ojú iná kó lè rọlẹ̀. Àwọn kan máa ń fọ́n páúdà sára ohun tó bá ń dán. Ẹ má dán an wò ní mùsíọ́ọ̀mù o!

Bó bá jẹ́ ìkòkò lẹ ń yí, tí kámẹ́rà dúró sójú kan, aṣọ tí kò ní àmì kankan ni kí ẹ ta sẹ́yìn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn tí kò kúrò lójú kan ni kọ̀ǹpútà á gbà gbọ́.

Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo parí ère igi kan nígbà kan, inú mi ń dùn, àfìgbà tí olùtọ́jú rẹ̀ béèrè bó ṣe ga tó. Fọ́tò nìkan kò mọ ìwọ̀n: ère tó tó àtàǹpàkò àti èyí tó tó èèyàn, ọgbọọgba ni lójú rẹ̀. Wọ́n sì ti dá ère padà sínú àpótí, wọ́n ti tì í. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí n tó lè gbé rúlà ti ẹsẹ̀ rẹ̀.