Bí Òṣèré Kan Ṣe Ń Bọ Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́ Nínú Fíìmù

Nínú The Prisoner of Zenda, fíìmù tí Hollywood gbé jáde ní ọdún 1937, wọ́n po oògùn sínú ọtí fún ọba kan nígbà tí ìdádé rẹ̀ ku ọ̀la. Bí kò bá yọjú, ọbàkan rẹ̀ á gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ni àwọn èèyàn ọba bá gbé aṣọ oyè wọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ibi tí ìyẹn ti ń ṣe bí ọba ni ìfẹ́ ọmọ ọba obìnrin tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọba ti kó sí i lórí. Òṣèré kan ṣoṣo, Ronald Colman, ló ṣe àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń sọ òṣèré kan di méjì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn lára ọ̀já fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà nìkan ni àwòrán máa ń mú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ṣì wà bó ṣe wà, wọ́n sì lè padà wá lò ó. Nítorí náà, wọ́n á fi nǹkan dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Òṣèré á sọ̀rọ̀ ọba lápá kan, á sì dákẹ́ níbi tó yẹ kí ẹnì kejì ti fèsì. Wọ́n á wá ká fíìmù padà sẹ́yìn, wọ́n á bo apá tí wọ́n ti yà, òṣèré á pààrọ̀ aṣọ, á bọ́ sí apá kejì, á sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Kámẹ́rà ò gbọdọ̀ mì, iná ò gbọdọ̀ yí. Àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa máa ń jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ bọ́ sára òpó tàbí férémù ilẹ̀kùn.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ tó bá sọdá ààlà yẹn á gé. Òǹwòran á sì fura pé àwọn méjì yìí ò fara kanra rí.

Ibẹ̀ ni James Wong Howe, tó ya fíìmù náà, ti dá bírà. Ó ní kí Colman bọ ọkùnrin mìíràn tó wọ aṣọ ẹnì kejì lọ́wọ́. Lára gíláàsì tó wà níwájú kámẹ́rà, wọ́n fi téèpù lẹ ibi tí orí àti èjìká ọkùnrin náà bọ́ sí pa, tó fi jẹ́ pé ara àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wọ fíìmù. Wọ́n ká a padà, wọ́n bo gbogbo ibi tó kù, wọ́n ṣí àyè orí yẹn nìkan sílẹ̀. Colman pààrọ̀ aṣọ, ó lọ dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ọkùnrin náà dúró sí, kí orí tirẹ̀ lè jókòó sórí ọrùn ẹlòmíràn. Bí orí bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìbọwọ́ yìí lágbára ju ìjà idà inú fíìmù náà lọ. Ẹni tó bá ti rí i kò ní wá ojú ìsopọ̀ mọ́. Ohun tí yóò kù tí yóò máa rò ni bóyá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà máa dá adé àti obìnrin náà padà.