Bí Ilé Ńlá Ìlú Macon Ṣe Di Ilé Ìrántí Ẹgbẹ́ Allman Brothers

Ní òpópónà Vineville, ní ìlú Macon tó wà ní ìpínlẹ̀ Georgia ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé alájà mẹ́ta kan wà tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin Allman Brothers Band kì í pè ní orúkọ mìíràn ju Ilé Ńlá lọ. Láti ọdún 2009 ni ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ènìyàn ń sanwó wọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè rò pé ìjọba ìlú ló dá a sílẹ̀, tàbí iléeṣẹ́ tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn orin náà ló fi ẹsẹ̀ wọn la ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó kankan sí ẹnu ọ̀nà.

Ìlú Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 1969. Duane Allman, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 tó ti ta gìtá nínú àwo orin Wilson Pickett àti Aretha Franklin, ló kó wọn jọ. Berry Oakley ń ta gìtá béèsì, Dickey Betts ń ta gìtá kejì, Butch Trucks àti Jaimoe, ọmọ adúláwọ̀ láti Mississippi, sì jọ ń lu ìlù. Ó ku ẹni tí yóò máa kọrin. Nítorí náà Duane ránṣẹ́ pe Gregg, àbúrò rẹ̀, láti California. Phil Walden, tó ti jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ Otis Redding kí ikú tó pa olórin náà nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1967, ló mú wọn wá sí Macon, níbi tí iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, Capricorn, wà.

Ohun tí wọ́n bá ní Macon kì í ṣe ọlà. Orí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn nínú ilé kan ní òpópónà College, owó oúnjẹ sì máa ń wọ́n wọn. A gbọ́dọ̀ rántí irú ìlú tí Macon jẹ́ nígbà náà. Òfin tó ya aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ kúrò lára adúláwọ̀ kò tíì pẹ́ tí ó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn tí wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin adúláwọ̀ bí ọmọ ìyá kan náà kò sì lè jẹ́ ẹni tí gbogbo ojú yóò fi inú dídùn wò. Ní ilé oúnjẹ H&H, tí Ìyá Inez Hill àti Ìyá Louise Hudson ń dá ṣe, wọ́n wọlé ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwọ̀nba owó tó lè ra abọ́ oúnjẹ méjì, wọ́n sì fẹ́ pín in láàárín gbogbo ara wọn. Mama Louise, bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, bu ti olúkúlùkù fún un. Wọ́n padà wá san gbèsè wọn, nígbà tí owó sì ti dé ní ọdún 1972, wọ́n mú màmá náà dání lọ sí ìrìn àjò orin wọn. Lójú tèmi, abọ́ oúnjẹ yẹn gan-an ni ìpilẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú búkà ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn olólùfẹ́ ń wá ní Macon títí di òní ni ìgbàlejò irú èyí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1970 ni Linda, ìyàwó Berry Oakley, rí ilé tó wà ní Vineville, tí wọ́n sì háyà rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó wọlé pẹ̀lú ọmọ wọn, Duane náà kó obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá, Gregg àti Candace, àbúrò Berry, sì wà níbẹ̀. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń bá wọn gbé ẹrù kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn obìnrin ló sọ ọ́ di ilé: àwọn ló ń se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà wọlé, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ nígbà tí àwọn ọkọ bá wà lójú ọ̀nà. Nínú ilé ìdáná ibẹ̀, ní òru tí oorun ti gbé gbogbo ilé lọ, ni Dickey Betts ti kọ “Ramblin’ Man”, orin wọn tó tà jù lọ. Bí wọn kò bá sí nílé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà ní itẹ́ òkú Rose Hill, níbi tí ọkàn wọn ti máa ń balẹ̀ láàárín àwọn ojú oórì àtijọ́. Orúkọ obìnrin kan tí Betts rí lára òkúta níbẹ̀ ló fi pe orin rẹ̀ “In Memory of Elizabeth Reed”.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1971, tó jẹ́ ọjọ́ ìbí Linda, Duane yà sí Ilé Ńlá láti kí i. Bó ṣe gun alùpùpù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni ó pàdé ọkọ̀ akẹ́rù kan, kò sì bọ́ nínú ìjàm̀bá náà. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1972, alùpùpù Berry Oakley forí sọ bọ́ọ̀sì nítòsí ibi kan náà. Berry ní kò sí ohun tó ṣe òun, ó kọ̀ láti lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì padà sí Ilé Ńlá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já geere mọ́ ni wọ́n tó gbé e lọ, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́. Ẹni ọdún 24 ni àwọn méjèèjì. Wọ́n sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní Rose Hill. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, ìdílé náà kó jáde.

Ọdún yẹn gan-an ni òkìkí wọn kàn jù. Nǹkan bí 600,000 ènìyàn ló péjọ sí Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York láti gbọ́ wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjì mìíràn. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ náà túká pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n tún ara wọn rí, wọ́n tún túká.

Àwọn olólùfẹ́ kò túká. Ẹgbẹ́ náà kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba ohùn wọn sílẹ̀ lójú agbo, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìka ìjà àwọn olórin sí. Wọ́n tún ń lọ sí Rose Hill, tí wọ́n ń fi ike tí a fi ń ta gìtá àti àwòrán olú, àmì ẹgbẹ́ náà, sílẹ̀ lórí ibojì àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ náà máa ń kọjá ààlà nígbà mìíràn, débi pé wọ́n ní láti fi irin yí ibẹ̀ ká. Láti ibojì, wọn a tún wá ilé lọ.

Kirk West, onífọ́tò láti Chicago tó ti jẹ́ olólùfẹ́ wọn kó tó di òṣìṣẹ́ wọn, ló gba ilé náà là. Ní ọdún 1993, òun àti Kirsten ìyàwó rẹ̀ rà á, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀. Ó ti ń kó fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì, aṣọ àti lẹ́tà ẹgbẹ́ náà jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àjèjì a kan ilẹ̀kùn, wọn a ní kó wọlé wá wo inú ilé. Bí Linda ti ń ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn gan-an nìyẹn, lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ alánú kan wá gba ilé náà, tí wọ́n tún yàrá rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Gìtá Les Paul aláwọ̀ wúrà tí Duane fi ta orin wọn àkọ́kọ́ ti wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ níbẹ̀ rí. Ní ọdún 2019, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni Duane fúnra rẹ̀ ti fi ṣe pààrọ̀ gìtá mìíràn ní ọdún 1970.

Ẹgbẹ́ náà ti tún padà sójú agbo ní ọdún 1989, wọ́n sì ṣeré ní gbọ̀ngàn Beacon ní New York ní ìgbà tó lé ní 200. Alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni eré ìkẹyìn wọn níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi parí rẹ̀, aago méjìlá òru ti kọjá, ó ti di ọjọ́ tí Duane kú. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé Gregg padà sí Macon, wọ́n sì sin ín sí Rose Hill nítòsí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí àwọn olólùfẹ́ ṣe dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà láti dágbére fún un. Dickey Betts kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Nínú àwọn mẹ́fà tó jẹun ní ọwọ́ Mama Louise, ó ku Jaimoe nìkan.