Bí Rọ́bọ́ọ̀tì Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì Ṣe Dé Ilé Ìkẹ́rùsí

Apá rọ́bọ́ọ̀tì ló ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1961 ni Unimate, apá irin kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fa irin gbígbóná yọ nínú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ General Motors ní New Jersey. Ẹsẹ̀ ló ṣòro. WABOT-1, rọ́bọ́ọ̀tì tí Ichiro Kato àti àwọn èèyàn rẹ̀ parí ní Yunifásítì Waseda ní Japan lọ́dún 1973, rìn lóòótọ́, àmọ́ ìrìn alágẹmọ ni. P2, rọ́bọ́ọ̀tì tí Honda fi hàn lọ́dún 1996 rìn dáadáa jù ú lọ, ṣùgbọ́n kìlò 210 ló wọ̀n: ẹni tí à ń wá pé kó gbé ẹrù ti di ẹrù fúnra rẹ̀.

Nínú ilé ìkẹ́rùsí, táyà ló kọ́kọ́ borí. Lọ́dún 2012, Amazon fi mílíọ̀nù 775 dọ́là ra Kiva Systems, tí rọ́bọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ wọn ń wọ abẹ́ pẹpẹ, tí á gbé e sókè, tí á sì gbé e lọ bá òṣìṣẹ́. Lọ́dún 2015 pàápàá, níbi ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì tí DARPA, ẹ̀ka ìwádìí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ṣe ní Pomona, ṣe ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. DRC-Hubo láti Korea ló gbégbá orókè, torí pé ó lè kúnlẹ̀ kó sì máa fi táyà orúnkún yí lọ!

Àlàfo kan ṣì wà. Rọ́bọ́ọ̀tì onítáyà gbé agbọ̀n ike dé, bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù lọ ń dúró dè é. Èèyàn ló ń gbé e láti ibì kan sí èkejì, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Digit, rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti ilé iṣẹ́ Agility Robotics, wá gbà, tí GXO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí, sì fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lọ́dún 2024 fún ilé ìkẹ́rùsí kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ó ń gbé tó kìlò 16. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti ẹyẹ, kí ó lè lóṣòó síwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀ láìfi orúnkún gbá a.

Ìnira tó kù wà nínú bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ dúró ní pàjáwìrì. Ẹ pa iná apá tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, yóò dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó wà ní oríkèé ló ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ró ní gbogbo ìgbà. Iná kú, ó lulẹ̀ tòun tagbọ̀n ọwọ́ rẹ̀, bóyá sórí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀ sí àyè tirẹ̀, tí ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ fún gbogbo ayé, sì ń kọ òfin ààbò tuntun, 25785-1, fún rọ́bọ́ọ̀tì tí kò lè dá dúró láìsí iná.