Fẹ́rì rélùwéè: bí wágọ́nù ṣe ń sọdá adágún

Fẹ́rì tí a mọ̀ ní Èkó, èèyàn ló ń gbé. Ti rélùwéè yàtọ̀: àwọn wágọ́nù tí ẹ́ńjìnnì ń wọ́ lórí ilẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀, tàwọn tẹrù inú wọn, nítorí pé wọ́n tẹ́ irin rélùwéè sí ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi Ludington ṣe àpẹẹrẹ, ìlú kékeré kan létí Adágún Michigan ní Amẹ́ríkà. Rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1874, omi sì dí i lọ́nà. Manitowoc, ní òdìkejì, jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 100. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba orí omi ní láti yí adágún po gba Chicago, níbi tí wágọ́nù ti ń há mọ́ ara wọn. Ni wọ́n bá ń fọwọ́ já ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn a tún já a lókè odò kejì, wọn a tún dì í sí wágọ́nù mìíràn. Iṣẹ́ àṣetúnṣe gbáà!

Ní 1892, iléeṣẹ́ rélùwéè Ann Arbor gbé wágọ́nù sọdá láti ẹ̀bá Frankfort, ìlú mìíràn létí adágún náà. Ludington tẹ̀lé e ní 1897 pẹ̀lú ọkọ̀ onírin Pere Marquette, tó ní ojú irin mẹ́rin, tó sì gba nǹkan bíi wágọ́nù 30.

Èbúté gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ọkọ̀ a fẹ̀yìn rìn wọlé, wọn a sọ afárá kan kalẹ̀ sí i nídìí, títí irin orí afárá yóò fi bá ti inú ọkọ̀ mu. Ẹ́ńjìnnì a wá máa ti wágọ́nù wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kì í bá wọn sọdá. Wọn kì í kàn ti wágọ́nù wọlé bó ṣe wù wọ́n o. Bí wọ́n bá di apá òsì kún kí wọ́n tó kan ọ̀tún, ọkọ̀ a fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń tì í, lẹ́yìn náà ni wọn a fi jáàkì gbé wágọ́nù ró, wọn a sì fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn tí wágọ́nù ń gbà wọlé yìí ni omi náà lè gbà. Ní October 22, 1929, fẹ́rì rélùwéè kan tó ń jẹ́ Milwaukee rì nínú ìjì lórí Adágún Michigan pẹ̀lú gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Akọ̀wé ọkọ̀ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú, kò lè dá omi dúró mọ́.

Afíríkà náà ní tirẹ̀: irú ọkọ̀ yìí ni MV Uhuru, tó ń gbé wágọ́nù láti Kisumu ní Kẹ́ńyà lórí Adágún Victoria.

Ní 1990 ni fẹ́rì SS Badger gbé wágọ́nù kẹ́yìn ní Ludington. Láti 1992 ló ti ń gbé mọ́tò àti arìnrìn-àjò afẹ́. Èédú ló ṣì ń jó, inú adágún ló sì ń da eérú rẹ̀ sí títí ìjọba fi fún un ní gbèdéke pé kó dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2014.