Wọn Ò Kàn Lu Ihò Mẹ́rin Lásán

Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yìí tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú: "Wọn ò la inú ẹ̀ jàre. Ihò mẹ́rin péré ni wọ́n lù sí i níkùn, wọ́n fi kámẹ́rà wò ó, wọ́n yọ ilé ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti padà sídìí ọjà." Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn tún ní kí ìyá kan tí wọ́n la ikùn ẹ̀ nítorí ìjù lọ sinmi ní tiẹ̀, torí pé òun ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gidi fún.

Pé ihò kékeré sàn ju ká la ikùn lọ lọ́nà púpọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀jẹ̀ kì í dànù púpọ̀, egbò kì í sábà kẹ̀, ara sì ń tètè yá. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń fi egbò òde wọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú.

Níbo la rò pé ilé ọmọ gbà jáde? Ihò tí kò fẹ̀ ju orí ìka lọ kọ́. Ojú ara ló sábà máa ń gbà. Kó tó lè gba ibẹ̀, dókítà á gé ọrùn ilé ọmọ kúrò lókè ojú ara, yíká-yíká. Tó bá ti jáde tán, òkè ojú ara ti ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn, wọ́n á wá rán an pa bí ìgbà téèyàn ń rán ẹnu àpò ìrẹsì. Orí ojú rírán yìí ni ìfun máa ń fẹ̀yìn tì. Ì báà jẹ́ ihò ni wọ́n lù, ì báà jẹ́ pé wọ́n la ikùn gbọọrọ, bí wọ́n bá ti yọ ilé ọmọ tọrùntọrùn, ojú rírán kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò rí i, ni ẹnikẹ́ni ò ṣe kà á.

Òun náà ló sì lè já. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n gba ihò ṣe ju àwọn tí wọ́n la ikùn wọn lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní iná tí wọ́n fi ń gé ẹran ara ló ń jó etí ẹ̀, àwọn kan ní bí wọ́n ṣe rán an ni. Èmi fura sí garawa omi tí wọ́n ń tètè gbé náà.

Tó bá jẹ́ pé àpá ikùn la fi ń mọ iṣẹ́ abẹ gidi, kí la máa sọ nípa obìnrin tí dókítà Conrad Langenbeck yọ ilé ọmọ rẹ̀ láti ojú ara ní Jámánì ní 1813? Ó ku ọdún 175 kí dókítà Harry Reich tó fi kámẹ́rà àti ihò ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1988. Obìnrin yẹn kò ní àpá kankan níkùn, kò sì sí oògùn tó ń mú èèyàn sùn nígbà náà. Ṣé wọ́n kàn fọwọ́ pa á lórí ni?

Ìwádìí kan tó ń jẹ́ eVALuate, lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ilé ọmọ, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti South Africa, jáde ní 2004. Nínú àwọn tí wọ́n gba ihò ṣe, 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìjàǹbá ńlá. Nínú àwọn tí wọ́n la ikùn, 6.2 ni. Ó ti pẹ́ ṣá o, ọwọ́ àwọn dókítà sì ti yá sí i láti ìgbà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà yẹn sá fún iṣẹ́ abẹ. Bóyá gbogbo ohun téèyàn lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ṣe pàtàkì bí ọ̀nà tó gbà ṣe é. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ tún yàtọ̀: ìwádìí mìíràn ní 2018 fi hàn pé àwọn tí wọ́n gba ihò ṣe tiwọn kò pẹ́ láyé tó àwọn tí wọ́n la ikùn wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fa aṣọ tútù jáde nínú ìkòkò aró, ẹ mọ bó ṣe ń wúwo tó. Bí wọ́n bá yọ ilé ọmọ yín, ó kéré tán, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jìnnà sí i, kí bàálé ilé náà sì ní sùúrù títí dókítà á fi yẹ ojú rírán náà wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tú lójijì, tí omi tàbí ìtọ̀ ń ro lójú ara láìdáwọ́ dúró, tí ibà bá gbé yín tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá wú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà. Ẹ má yà sọ́dọ̀ àwọn aláàgbo Ìtòkú ná.