Àyànmọ́ àti àfọwọ́fà nínú eré orí ìtàgé ní Èkó

Àyànmọ́ ni ìpín tí ẹ̀dá ti gbà kí ó tó wáyé. Àfọwọ́fà ni ìyà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Èrò méjèèjì kì í fi ara wọn lọ́rùn sílẹ̀ nínú ewì àti eré Yorùbá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ fún ọba tàbí fún ìlú, ta ni ká dá lẹ́bi, orí ni àbí ọwọ́? Ìbéèrè yìí ti wà nínú ẹsẹ Ifá kí Èkó tó ní gbọ̀ngàn eré kankan.

Ilé Àjàlá

Ẹsẹ Ifá tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá kí wọ́n tó wá sáyé. Amọ̀ ni Àjàlá fi ń mọ orí. Ó mọṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n onígbèsè paraku ni, orí tó ti sán àti èyí tí iná kò jó dénú sì pọ̀ nínú ọjà rẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n lójú, wọ́n sì kọrí sáyé. Òjò pa orí wọn títí ó fi ṣá. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ọ̀rúnmìlà, ó rúbọ, ó sì bá Àjàlá san gbèsè. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a ṣa orí tó gbó.

Lóòótọ́, àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, ṣùgbọ́n sùúrù àti ìgbọràn ni Afùwàpẹ́ fi rí orí rere yàn. Wándé Abímbọ́lá, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹsẹ Ifá ní Yunifásítì Èkó ní Àkókà, ṣàlàyé pé orí rere nìkan kò tó: ẹsẹ̀, ìyẹn akitiyan ẹni, ló ń gbé orí débi tó ń lọ.

Láti Ádámù dé orí ìlú

Ọlọ́pàá ni Hubert Ogunde ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944 ní Gbọ̀ngàn Glover, Erékùṣù Èkó, láti kówó jọ fún ìjọ Aládùúrà. Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni eré náà dá lé. Ìtàn Bíbélì ni, àmọ́ ẹjọ́ ilé Àjàlá náà kọ́ ló tún dé yìí? Ádámù ní obìnrin ló fún òun jẹ, obìnrin ní ejò ni.

Ní 1964, *Yorùbá Ronú*, eré Ogunde mìíràn, gbé ẹjọ́ náà kúrò lọ́rùn ẹnì kan, ó fi kọ́ gbogbo ìlú lọ́rùn: ìjà àárín àwọn olórí ló kó Yorùbá sí wàhálà, kì í ṣe ìpín. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ogunde, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1966. Àṣẹ ìjọba náà kò dé Erékùṣù Èkó àti Yábàá, tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Muṣin àti Ìkẹjà, tí kò jìnnà rárá, wà lábẹ́ rẹ̀ ní tiwọn.

Oko iṣu dípò oríta

Ní 1968, ní Ifẹ̀, Ọlá Rótìmí gbé *The Gods Are Not to Blame* jáde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, òwe Yorùbá ló sì kún inú rẹ̀. Ó yá ìtàn Oedipus lọ́wọ́ Sophocles, ará Áténì tó ti kú láti nǹkan bí 2,400 ọdún. Ní ti Sophocles, oríta ni ọmọ ti pa bàbá tí kò mọ̀. Rótìmí gbé e lọ sóko iṣu nítòsí Ẹdẹ, níbi tí àgbàlagbà kan ti bú ẹ̀yà Ọdẹ́wálé, ọmọ tó pa bàbá rẹ̀ nínú eré tirẹ̀. Ibẹ̀ ni inú ti ru ú. Àyípadà kékeré yìí ló gbé eré náà ró, pàápàá nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Ifá ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú nítorí ẹ̀yà ló gbé ọkọ́ lé Ọdẹ́wálé lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi.

Ẹlẹ́ṣin

Gbọ̀ngàn eré ìjọba àpapọ̀ ní Iganmu, tí wọ́n ṣí ní 1976, ni ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Eré rẹ̀ lórí Ẹlẹ́ṣin Ọba jáde ní 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sọ ọ́ di *Ikú Olókùn Ẹṣin*. Ẹlẹ́ṣin, tó yẹ kó bá ọba kú, kò lè kú. Nígbà tó wà ní àtìmọ́lé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ tuntun pé òyìnbó lòun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà àwọn òrìṣà tó kọ òun sílẹ̀, ó sì wá ku ìyàwó náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ìyálọ́jà dé, kò gba ọ̀kankan nínú àwáwí rẹ̀.