CMS Grammar School, Èkó: ìdásílẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀

CMS Grammar School jẹ́ ilé-ìwé gírámà ọkùnrin ti ìjọ Áńgílíkà ní Bàrígà, nílùú Èkó. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 ni wọ́n ṣí i ní Broad Street ní Erékùṣù Èkó, kò sì sí ilé-ìwé gírámà mìíràn ní Nàìjíríà tó dàgbà tó o. Òótọ́ ni pé Baptist Academy ti bẹ̀rẹ̀ ní 1855, àmọ́ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ níbẹ̀. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ló dá CMS Grammar School sílẹ̀, òun náà sì ni ọ̀gá rẹ̀ títí ó fi kú ní 1878. Orúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS (Church Missionary Society) ni ilé-ìwé náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ á rí i pé ọwọ́ àwọn Sàró Èkó, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone wá, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èkó ṣáájú ọdún 1859

Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tó yá. Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àlùfáà C. A. Gollmer ti CMS kó kúrò ní Àgbádárìgì wá sí Èkó, Akítóyè sì fún un nílẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ ìjọ. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba.

Ohun tí àwọn Sàró ń dúró dè nìyí. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn: àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ibẹ̀. Àwọn Àgùdà náà ń ti Brazil àti Cuba bọ̀ wálé. Sàró tó dé Èkó ti mọ̀wé, ó ti ń ṣòwò, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé ju òun lọ. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà fún ọmọ náà. Ó ti wà ní Àgbádárìgì láti 1843, ó wà ní Abẹ́òkúta, ó sì wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ka ìyẹn tán, ojú òkun ló kù. Freetown ni wọ́n ń rán an lọ, níbi tí CMS ti ṣí ilé-ìwé gírámà ní 1845. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó oúnjẹ wà níbẹ̀, ọmọ a sì pẹ́ kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀.

Macaulay

Ọdún 1826 ni wọ́n bí Thomas Babington Macaulay ní Kissy, lẹ́bàá Freetown. Agbègbè Ìkirun ni Ojo Oriare bàbá rẹ̀ ti wá, Ilé-Ogbó sì ni ti Kilangbe ìyá rẹ̀; òwò ẹrú ló gbé àwọn méjèèjì dé Sierra Leone. Macaulay kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown. Lẹ́yìn náà ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì CMS ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún kàwé ní King's College nílùú kan náà. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1852. Ní 1854 ó fẹ́ Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther.

Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ ní irú ilé-ìwé yìí lọ́kàn, ṣùgbọ́n Henry Townsend, aṣáájú àwọn míṣọ́nárì níbẹ̀, kò fara mọ́ ọn. Lójú Townsend, kí ọmọ mọ Bíbélì í kà, kí ó sì ní iṣẹ́ ọwọ́, ó ti tó. Látìn àti Gíríìkì kò ní ṣe é láǹfààní. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù mìíràn tún wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ ilẹ̀ tó bá kàwé tó òyìnbó yóò bèèrè ipò òyìnbó. Townsend yìí kan náà ló tako pé kí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, ohun tó padà ṣẹlẹ̀ ní 1864.

Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, kò rí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Venn ń wàásù ni pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa darí ara rẹ̀, kí ó máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí ọmọ ilẹ̀ tó mọ̀wé dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí kò ṣeé ṣe lójú Townsend ní Abẹ́òkúta ṣe di ṣíṣe ní Èkó.

Broad Street

Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Kápútẹ́nì James Pinson Labulo Davies fún Macaulay ní £50 láti fi ra ìwé àti àwọn ohun èlò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé ṣí. Sàró ni Davies náà. Wọ́n bí i sí Sierra Leone ní 1828, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn olówò ẹrú kí ó tó di atukọ̀ oníṣòwò, kí ó sì tó wá fi Èkó ṣe ilé. Òun ló fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́, ní 1862. Wọ́n tún máa ń dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ yìí, ní oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n. Èwo ló wá so èso jù nínú kòkó yẹn àti £50 tó fún Macaulay? Iyàn ń bẹ níbẹ̀.

Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbé inú ilé-ìwé. Ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Òwú sì ni àwọn CMS ń polongo lásìkò náà: Venn àti Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ń gbìyànjú kí òwú gba ipò òwò ẹrú nílẹ̀ Yorùbá.

Gírámà ti Freetown ni Macaulay wò ṣe tirẹ̀, ti Freetown sì wo àwọn ilé-ìwé gírámà ìlú òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, lọ́jíìkì, ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì, jọ́gíráfì, ìtàn àti ìmọ̀ Bíbélì ni àwọn ọmọ náà ń kọ́. Kò sí Yorùbá níbẹ̀, èyí sì yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí àna ọ̀gá ilé-ìwé gan-an ni Crowther tó tẹ ìwé gírámà èdè Yorùbá jáde ní 1852, tó sì tún ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè náà. Ṣùgbọ́n òbí tó ń sanwó mọ ohun tó ń wá. Ilé ni ọmọ ti ń sọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbé e wọ ọ́fíìsì.

Èdè Látìn ni àkọmọ̀nà ilé-ìwé náà: Nisi Dominus Frustra. Inú Sáàmù 127 ni wọ́n ti mú un, níbi tí ó ti sọ pé bí kò ṣe pé Olúwa bá kọ́ ilé náà, àwọn tí ń kọ́ ọ ń ṣiṣẹ́ lásán ni.

Owó àti ìjọba

Owó ilé-ìwé tí àwọn òbí ń san ló gbé ilé-ìwé náà ró jù lọ. Ìlànà Venn nìyẹn, àwọn Sàró sì ní agbára rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé pé ọdún méjì, ìlú yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń wá akọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ń wá ògbufọ̀ sí kóòtù, àwọn ilé ìṣòwò tó wà ní Marina náà ń wá ẹni tó mọ ìṣirò owó. Ọmọ tó bá ti jáde ní gírámà kì í wá iṣẹ́ tì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé akọ̀wé lásán ni irú ẹ̀kọ́ yìí ń mú jáde, àríwísí tó sì bá ilé-ìwé gírámà ilẹ̀ yìí kálẹ́ nìyẹn.

Ìjọba ìlú Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rárá ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1877 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìjọ mẹ́ta, CMS, Wẹ́sílì àti Kátólíìkì, ní £200 lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dún fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 ló tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yẹn gbé lárugẹ tí kò sì ka èdè ilẹ̀ sí, àwọn oníwèé-ìròyìn Èkó sì pariwo lé e lórí.

Láàárín àkókò yìí, CMS ń kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sí Èkó. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wá sí Èkó, ó sì wà níbẹ̀ kí ó tó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1896. Ní 1869 ni wọ́n ṣí ti àwọn obìnrin, èyí tó di St. Anne's ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọ̀rẹyìn.

Ikú Macaulay àti àwọn tó rọ́pò rẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1878, àrùn ìgbóná pa Macaulay ní Èkó. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún ó lé ní ipò ọ̀gá. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọ Wẹ́sílì ṣí Methodist Boys' High School, tí CMS Grammar School kò fi dá nìkan ṣe ilé-ìwé gírámà Èkó mọ́.

Henry Johnson gba ipò náà láti 1879 sí 1881. Isaac Olúwọlé tẹ̀ lé e, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1893, nígbà tí wọ́n fi òun àti Charles Phillips jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Yorùbá ni àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́ yìí. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí rẹ̀, nítorí ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, ńṣe ni àwọn òyìnbó CMS ń gba àṣẹ padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ ní ibòmíràn, títí kan ọwọ́ Crowther fúnra rẹ̀ ní agbègbè odò Ọya.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gírámà ló ti dìde yí i ká láti ìgbà náà. King's College ti ìjọba dé ní 1909. Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì sì pawọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀ ní Yaba ní 1932. CMS Grammar School kó lọ sí Bàrígà ní 1959. Ìjọba gba àwọn ilé-ìwé ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n lọ́dún 2001.

Àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá

Bode Thomas olóṣèlú, Fela Sowande olórin àti Akintola Williams oníṣirò owó jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, Herbert Macaulay, ọmọ olùdásílẹ̀, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ní 1877 ló wọlé, oṣù díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó kàwé wíwọn ilẹ̀ nílùú òyìnbó, ó sì di aṣáájú òṣèlú Èkó. Òun ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀ yí ká ní 1923. Kitoyi Ajasa, tóun náà kàwé ní CMS Grammar School, wà ní òdì kejì, ó ń gbèjà ìjọba nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Nigerian Pioneer. Henry Carr, tó gboyè nínú ìṣirò ní Fourah Bay, tó sì wá ṣe olùkọ́ ní CMS Grammar School láti 1885, tún di alátakò ńlá fún Herbert. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé Dòsùnmú àti ilẹ̀ Èkó da ìlú rú ní àwọn ọdún 1920, ẹgbẹ́ méjì tó ń jà yìí kún fún àwọn tó ti kàwé tàbí tó ti kọ́ni ní ilé-ìwé kan náà.